Owó ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ tí ń lo ọdún kan nílẹ̀: kí ni kí n sọ fún ìyá mi?

Ọmọ_Òtu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ kí Màmá tẹ̀ka.

Òtu ní Òkè-Ògùn ni ìyá mi wà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, éékà mẹ́ta, wọ́n sì máa ń yan gààrí díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ayánilówó kan ti wọ ìlú, ó ń kó àwọn obìnrin jọ ní márùn-ún márùn-ún kí wọ́n máa dúró fún ara wọn. ₦200,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi máa dá a padà. Màmá fẹ́ fi ṣí éékà méjì sí i: owó katakata, igi ẹ̀gẹ́, oògùn koríko. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n ní ìgboro ti wọ̀ mí lára, mo ti gbàgbé bí ebè ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀.

Èkejì: Màmá ní àkáǹtì ní báńkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ṣe POS lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni káàdì wọn wà. Òun ló mọ PIN. Bí Màmá bá fẹ́ gbowó, wọ́n á lọ bá a, á bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ọdún kejì rèé. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn.

Agbowó_tẹ́lẹ̀

Àbúrò, ọdún mẹ́rin ni mo fi gun ọ̀kadà kiri abúlé tí mo ń gba irú owó yẹn lọ́wọ́ àwọn ìyá. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe máa ń ṣírò ó ní ọ́fíìsì, èyí tí a kì í ṣe níwájú wọn.

Ká ní èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. "Náírà mẹ́rin péré" ni wọ́n máa pè é fún Màmá. Ní oṣù mẹ́fà, ₦48,000 nìyẹn. (Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún kò pé oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń gba èlé rẹ̀. Èmi náà gbà á.) Gbogbo rẹ̀ di ₦248,000. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rìnlélógún, ó lé ní ₦10,300 lọ́sẹ̀.

Kí Màmá tó dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ti yọ ₦20,000 sílẹ̀, wọ́n á ní owó ìfipamọ́ wọn ni, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án títí gbèsè á fi tán. Wọ́n á tún yọ bíi ₦4,000 fún fọ́ọ̀mù. ₦176,000 ló máa dé ilé, èlé ₦200,000 ni wọ́n sì ń san.

Ẹ wá wo èyí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejìlá, Màmá ti dá ìdajì owó padà, síbẹ̀ èlé kò yẹ̀ lórí ₦200,000. Tí ẹ bá wo owó wọn tó wà lọ́wọ́ Màmá ní tòótọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, ní ìpíndọ́gba kò ju bíi ₦84,000 lọ. ₦84,000 ni wọ́n rí lò, ₦48,000 ni wọ́n san lé e.

Èlé gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n gbowó ni sísan bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá gbìn lóṣù kẹrin, ó di àmọ́dún kó tó ṣeé wú. Kí ni wọ́n máa fi san ti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní? Mo ti rí i tó: owó tí a yá wọn náà ni wọ́n ń bù fún wa padà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n á lọ yá ti ilé iṣẹ́ mìíràn wá san tiwa. A mọ̀ o. Èmi àti agbowó ilé iṣẹ́ kejì máa ń pàdé nínú agboolé kan náà, a á sì kí ara wa.

Ìyá_Onígààrí

Agbowó, Ọlọ́run á forí jì yín 😄

Ṣùgbọ́n ẹ má bà á jẹ́ tán. Ìgbà méje ni mo ti gba owó yẹn, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Èmi kì í gbin ẹ̀gẹ́ o, mo máa ń rà á lórí ebè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni. A wú u, a bó o, a lọ̀ ọ́, a fi jáàkì fún omi rẹ̀, a yan án, ọjà ọrọọrún tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń wọ̀n ọ́n. Bí owó ṣe ń wọlé lọ́rọọrún ni mo ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N ò jẹ́ fi kọ́bọ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ oko láé.

Ti márùn-ún márùn-ún yẹn ńkọ́? Ẹ bi Màmá léèrè, ta ni àwọn mẹ́rin yòókù? Ẹnì kan nínú tiwa dìde lóru, ó gba Èkó lọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn agbowó ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbà wa mọ òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó máa ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, wọn ò sì ní dìde àyàfi tí wọ́n bá gbowó. Àmọ́ aṣọ tí ìwọ fúnra rẹ rà ni òṣómàáló ń bá ọ lóṣòó lé lórí. Gbèsè ẹlòmíì ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ tèmi. Wọ́n gbé agbada tí mo fi ń yan gààrí lọ. Agbada tí mo fẹ́ fi wá owó wọn! Àbí ẹ rò pé lásán ni wọ́n ń pe owó yìí ní gbọ́mú-lé-láńtà?

Ọmọ_Òtu

Ẹ ṣé mà. Mo ti pè wọ́n bi wọ́n. Ẹnì kan jẹ́ àbúrò Màmá, méjì jẹ́ ará ilé ìjọsìn wọn. Ẹni kẹrin, wọn ò mọ̀ ọ́n rí, ilé iṣẹ́ ló fi í kún wọn kí wọ́n lè pé.

Ìyá_Onígààrí

Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí kẹ̀? Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má tẹ ìka kankan.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Ìwó, nítorí náà ẹ mọ ibi tí mo máa fì sí.

Tiwa nìyí. Ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ fi owó pamọ́ fóṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́. Náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni èlé, tí a ń gbà lórí ohun tó kù nìkan, òpin ọdún la sì ń pín èlé náà láàárín ara wa. Èyí tó kan Màmá jù: èlé díẹ̀ yẹn là ń gbà lóṣooṣù, orí owó di ìkórè. Ẹni tó gbin àgbàdo ń san nígbà tí àgbàdo bá gbẹ. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́, a fún un lóṣù mẹ́rìnlá. Báwo la ṣe mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni? Àgbẹ̀ ni gbogbo wa, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni láti orílé-iṣẹ́ wá sọ fún wa.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti dé Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ yìí, tí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ nínú wọn, lágbára débi pé nígbà tó di 1953 báńkì tiwọn ti wà n'Íbàdàn.

Àmọ́ ẹgbẹ́ lè jẹ owó yín o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Mo ti rí alága tó fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé. Kí Màmá tó wọlé, kí wọ́n lọ jókòó ní ìpàdé kan kí wọ́n wò: ṣé wọ́n ń ka ìwé owó sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́? Ṣé ènìyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báńkì? Ṣé ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ṣé wọ́n sì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ìwé kékeré ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí akọ̀wé ló kó gbogbo rẹ̀ sílé?

Pé Màmá ò kàwé kò dí wọn lọ́wọ́. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ́ wa tó máa ń fi èédú fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn. Ẹgbẹ̀rún kan, ìlà kan. Tó bá pé mẹ́wàá, wọ́n á fa ọ̀kan ní ìbú lé e. Lọ́dún kan mo gbàgbé láti kọ ẹgbẹ̀rún méjì sílẹ̀ fún wọn. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní ká lọ wo ilẹ̀kùn. A dé ibẹ̀, a kà á, mo padà wá tún ìwé mi ṣe.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó dára nítòsí, kí wọ́n dá èésú. Mi ò sọ pé àjọ o. Àjọ, owó ara wọn ni alájọ ń kó pamọ́ fún wọn, ó sì ń yọ ti ọjọ́ kan lóṣù. Èésú ni kí wọ́n dá, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún wọn ní ìpín oṣù kẹta, kí owó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá fẹ́ dé. Àwọn obìnrin ọlọ́jà kì í sábà bá yín du oṣù kẹta. Oṣù Kérésì ni gbogbo wọn ń jà sí.

Àgbà_Ìdànrè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kòkó kún un.

Ní 1974 bàbá mi fi oko dógò nítorí ìnáwó òkú. Ọdún mọ́kànlá ni ẹni tó yá wọn lówó fi ká kòkó wa, bẹ́ẹ̀ gbèsè kò fi kọ́bọ̀ kan dínkù. Bí fífi oko dógò ṣe rí nìyẹn: èso oko ni èlé, orí owó á jókòó síbi tó wà. Àwa ọmọ á máa gba ẹ̀gbẹ́ oko tiwa kọjá lọ ṣe lébìrà lóko ẹlòmíì. Láyé àwọn bàbá wọn, ènìyàn gan-an ni wọ́n ń fi ṣe ìwọ̀fà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n má fi ọmọ dógò mọ́, wọ́n gbé e ka orí ilẹ̀.

Lóde òní wọ́n ti fi ọgbọ́n kún un. Oṣù kẹfà sí ìkeje, ilé gbẹ, owó ilé ìwé ń bọ̀, kòkó ṣì tútù lórí igi. Arakòkó á wá, á fún ọ lówó, á sì dá iye tí ó máa fi ra àpò kọ̀ọ̀kan lé ọ lórí láti ọjọ́ náà. Ẹ rántí 2024 tí kòkó ju dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Àwọn tó ti gba owó kalẹ̀ ṣáájú ìgbà náà gbé àpò wọn jáde ní iye àtijọ́, wọ́n sì dúró ń wo aládùúgbò wọn tó ń ra ọ̀kadà.

Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé iye ọjọ́ tí ẹ gbé ọjà dé ni wọ́n máa fi rà á. Kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀.

Arakòkó_Oǹdó

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa o. Èmi fúnra mi ń yáwó tí mo fi ń fún yín ni. Lọ́dún tó kọjá àgbẹ̀ mẹ́ta gbowó mi lóṣù keje, tó di oṣù kẹwàá wọ́n gbé kòkó lóru fún arakòkó tó fi díẹ̀ lé e. Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Àgbà_Ìdànrè

Ìyà jẹ ọ́, mo gbà. Ìwọ̀n rẹ ńkọ́?

Arakòkó_Oǹdó

Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ti ìwọ̀n sílẹ̀ 😅

Tíṣà_Àgbẹ̀

Ẹnì kan bi mí ní kọ̀rọ̀ nípa owó ìjọba, nítorí náà mo fi díẹ̀ síbí. Báńkì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lóòótọ́, láti 1972 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbẹ̀ kéékèèké sábà máa ń rí i gbà tí wọ́n bá gba inú ẹgbẹ́ wá. Òfin 1977 kan tún wà, tó sọ pé bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, àpò ìdúró kan lábẹ́ CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, lè san tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 75%, nínú ohun tó kù fún báńkì. Báńkì ni wọ́n ń gbè, kì í ṣe pé wọ́n forí gbèsè ji àgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣì í gbọ́. Nígbà tí owó àgbẹ̀ ti 2015 jáde, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 9% lọ́dún, ọ̀pọ̀ ló rò pé ìpín òṣèlú ni, wọn ò sì san án.

Ìwé adójútòfò oko náà wà, ti ilé iṣẹ́ NAIC, ìjọba sì ní òun á bá àgbẹ̀ kékeré san ìdajì owó rẹ̀. Iná, ọ̀gbẹlẹ̀ àti àgbàrá wà lára ohun tó ń gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí Màmá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá kí òun fi bá wọn gba fọ́ọ̀mù owó ìjọba, ẹ lé e.

Oní_POS_Ìṣẹ́yìn

Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe, èmi náà ló sì máa sọ ọ́: kí Màmá gba káàdì yẹn padà lónìí. Kò kan bóyá ọmọ náà dára. Bí wọ́n bá ja ìsọ̀ rẹ̀ lólè, bí ó bá gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, ta ni ẹ máa mú? Báńkì á ní ẹ̀yin lẹ fún un ní PIN.

Bí mo ṣe kọ́ ìyá mi àgbà nìyí. Lára ẹ̀rọ POS àti fóònù alábọ́tìnnì, kókó kékeré kan máa ń wà lára bọ́tìnnì 5. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka wá a. Wọ́n á rí i láìwo ojú ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀, 2 wà lókè rẹ̀, 8 wà nísàlẹ̀, 4 lápá òsì, 6 lápá ọ̀tún. Ìrìn ìka ni mo fi kọ́ wọn, mi ò dárúkọ nọ́ńbà rárá: àárín, òkè, àárín, ọ̀tún. (Èyí kì í ṣe PIN wọn o, ẹ má dá ara yín lóhùn.) Wọ́n ń fi ọwọ́ kejì bò ó bí ẹní ń bo àwo ọbẹ̀ fún eṣinṣin.

Ti alẹ́ẹ̀tì: lẹ́tà C àti D ni kí wọ́n máa wò níbẹ̀rẹ̀. C lanu sílẹ̀, owó wọlé. D ti panu dé, owó ti lọ. Kí wọ́n sì ka iye nọ́ńbà tó wà ṣáájú ààmì kékeré tó dà bí ìrù: bí ó bá jẹ́ méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè ni. Ó gba ìyá àgbà lọ́jà mẹ́ta kí ó tó yé wọn. Ọjọ́ kẹrin wọ́n já mi pé mo yọ owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, nẹ́tíwọ́kì ló fà á, mo dá a padà.

Kí ẹ tó fi owó sí ibikíbi, ẹ bèèrè bóyá CBN fún wọn ní ìwé àṣẹ. Láti 2024, bí báńkì kékeré tó ní ìwé àṣẹ bá kógbá wọlé, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó ìfipamọ́ ní báńkì, máa ń san tó mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹni tó fowó síbẹ̀. Ti báńkì ńlá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Owó tí ẹ bá fún sógundogójì tí kò ní ìwé, ẹ̀yin àti orí yín ni.

Ọmọ_Ìbàràpá

Manchester ni mo wà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi iye kan náà ránṣẹ́ sí bàbá mi lóṣooṣù, oko kì í sì í rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún tó kọjá mo bi wọ́n pé ìgbà wo gan-an ni oko ń béèrè owó. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ìgbà títú ilẹ̀, ìgbà gbígbìn, àti ìgbà ìroko àkọ́kọ́, tí koríko máa ń borí ẹ̀gẹ́ bí lébìrà bá pẹ́. Mo dín ti oṣooṣù kù, mo kó ìyókù sí ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn. Iye owó mi kò pọ̀ sí i. Bàbá ò yá kọ́bọ̀ lọ́dún yẹn.

Ọmọ Òtu, ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́. Èló lẹ ń fi ránṣẹ́, ìgbà wo lẹ sì ń fi ránṣẹ́?

Ọmọ_Òtu

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí o, Ọmọ Ìbàràpá. Mo dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo kà á.

Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Mo jókòó ti Màmá, mo fi ìṣírò Agbowó hàn wọ́n, èkùrọ́ ni mo fi ṣe é nílẹ̀, kóró kan fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ogún kóró. Mo yọ méjì sílẹ̀ fún ìfipamọ́. Mo wá ń mú kóró kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n ní kí n dúró, wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé àwọn ò mọ̀? Àṣé Màmá ti ní in lọ́kàn láti ta ewúrẹ́ méjì kí wọ́n fi máa san ti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní bí ẹ bá máa ta ewúrẹ́, ẹ ò kúkú fi owó ewúrẹ́ ra oògùn koríko, kí gbèsè má sí níbẹ̀ rárá? Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ó dáa.

Ibi tí a dé nìyí: éékà kan ni wọ́n máa ṣí, kì í ṣe méjì. Ewúrẹ́ á ra igi ẹ̀gẹ́ àti oògùn, èmi á fi owó katakata ránṣẹ́ lóṣù kẹta, ti ìroko lóṣù karùn-ún. Wọ́n ti lọ jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Wọ́n ní akọ̀wé ń ka ìwé sókè, àmọ́ ó ń kánjú, àwọn ti ní kó máa rọra kà á. Bí wọ́n bá ti fi owó pamọ́ tó, gààrí nìkan ni wọ́n á yáwó fún.

Káàdì ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ oní POS. Kò bínú, ó tiẹ̀ ní ó ti ń wu òun kí wọ́n wá gbà á. Báńkì tó wà n'Íṣẹ́yìn ni a ti lọ pààrọ̀ PIN. Wọ́n wá kókó ara bọ́tìnnì 5 rí, wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a jáde, mo bi wọ́n pé kí ni nọ́ńbà náà, bóyá wọ́n lè gbàgbé lọ́jọ́ kan.

Wọ́n ní kí ló kàn mí níbẹ̀.